Omi Gbígbóná Ìlú Bath

Àwọn àgbà ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi òwe yìí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní yunifásítì, mo sì gbà pé mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀ dójú àmì. Ìlú Bath, ní apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo ti wá rí i pé ẹ̀kọ́ ṣì kù nínú rẹ̀ fún èmi náà.

Ọmọ mi obìnrin, tí ó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Bristol, ni ó mú mi lọ. Mo lọ kí i, ó sì ní òun fẹ́ kí n sinmi. Ó san owó alẹ́ méjì, láti ọjọ́ Ẹtì di ọjọ́ Àìkú, ní hótẹ́ẹ̀lì kékeré kan tí yàrá rẹ̀ kò pé ogún. Hótẹ́ẹ̀lì náà kì í ṣe irú èyí tí gbogbo yàrá rẹ̀ jọra bí ìbejì. Yàrá kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ lọ́nà tirẹ̀, pẹ̀lú àga àtijọ́, ìwé lórí pẹpẹ àti òdòdó tútù lẹ́bàá ibùsùn. Ilé ayé àtijọ́ ni, òkúta tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Òkè téńté, lábẹ́ òrùlé, ni yàrá tiwa wà, mo sì ní láti tẹrí ba kí n tó lè dé ojú fèrèsé. Mo ní yàrá náà dára púpọ̀. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní, “Màmá, àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ni ó ń sùn síbí láyé ọjọ́un. Olówó ilé kì í gun àtẹ̀gùn dé ibí yìí.”

Òótọ́ ni ó sọ. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, Bath ni àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń lọ láti wá ìwòsàn àti láti ṣe fàájì. Richard Nash, tí wọ́n ń pè ní Beau Nash, ni ó ń ṣe alákòóso ayẹyẹ fún wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó kú ní ọdún 1761. Òun ni ó ń fi òfin lélẹ̀ nípa bí wọn yóò ṣe jó àti bí wọn yóò ṣe múra. John Wood àti ọmọ rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ John Wood, ni wọ́n ya àwòrán àwọn ilé tí ó lókìkí jù níbẹ̀. Ọmọ yìí ni ó kọ́ Royal Crescent láàárín ọdún 1767 sí ọdún 1775: ọgbọ̀n ilé tí wọ́n so pọ̀ mọ́ra, tí wọ́n tẹ̀ kọdọrọ bí oṣù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ń gbé inú irú ilé bẹ́ẹ̀ kò rà á. Wọ́n ń háyà rẹ̀ fún ìwọ̀n ìgbà tí fàájì bá fi wà lójú ọpọ́n ni. Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ wọn a máa ṣiṣẹ́ ní yàrá abẹ́ ilẹ̀, wọn a sì máa sùn lábẹ́ òrùlé. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó kọ hótẹ́ẹ̀lì sára ilé tí a wọ̀ yìí, iṣẹ́ hótẹ́ẹ̀lì ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ti ń ṣe.

Ṣùgbọ́n omi ni ìyá gbogbo rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, a lọ wo orísun náà. Omi yìí ń ru jáde láti inú ilẹ̀ tòun ti oru rẹ̀, ó ń gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n 46 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èyí tí ó sì ń tú jáde lójúmọ́ kan lé ní lítà mílíọ̀nù kan. Ìtàn ìwáṣẹ̀ ìlú náà sọ pé ọmọ ọba kan tí ń jẹ́ Bladud lárùn ẹ̀tẹ̀, wọ́n lé e kúrò láàfin, ó sì di darandaran ẹlẹ́dẹ̀. Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ yí nínú ẹrẹ̀ gbígbóná yìí, ara wọn sì mọ́. Òun náà wọ inú ẹrẹ̀, ó rí ìwòsàn, ó sì tẹ ìlú dó síbẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìtàn Láàróyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ létí odò Ọ̀ṣun kò ní ṣe àjèjì sí irú ìtàn báyìí. Níbi gbogbo tí omi bá ti dá ìlú sílẹ̀, àwọn ènìyàn a máa wá ìtàn tí ó tó omi náà.

Èyí tí ó dá wa lójú ni pé àwọn ọmọ onílẹ̀ ń bọ òrìṣà omi kan níbẹ̀, Sulis ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 43 lẹ́yìn ìbí Jésù ni àwọn ará Róòmù kógun wọ erékùṣù náà. Wọn kò da ojúbọ Sulis rú. Wọ́n so orúkọ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti Minerva, òrìṣà tiwọn, wọ́n kọ́ tẹ́ḿpìlì fún un, wọ́n sì sọ ìlú náà ní Aquae Sulis, èyí tí ó túmọ̀ sí Omi Sulis. Lẹ́yìn tí ìjọba Róòmù kásẹ̀ nílẹ̀, tẹ́ḿpìlì náà wó, ẹrẹ̀ sì bò ó mọ́lẹ̀. Ní ọdún 1727 ni àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ kan orí ère òrìṣà yìí, tí wọ́n fi idẹ rọ, tí wọ́n sì fi wúrà bò. Mo dúró níwájú rẹ̀ nínú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ojú rẹ̀ tutù, kò sì bínú sí ẹnikẹ́ni.

Lẹ́bàá rẹ̀ ni àwọn wàláà òjé wà, pẹlẹbẹ bí ewé. Nǹkan bí 130 ni wọ́n ti rí nínú ilẹ̀ orísun náà. Ẹni tí olè bá jà ni ó máa ń kọ ẹ̀bẹ̀ sára wọn, yóò ká a, yóò sì jù ú sínú omi. Ọ̀kan sọ pé wọ́n jí aṣọ òun, òmíràn sọ pé ìbọ̀wọ́ òun ni, òmíràn ní owó. Wọ́n ń bẹ òrìṣà kí ó má ṣe jẹ́ kí olè náà gbádùn, ì báà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, ì báà ṣe ẹrú tàbí ọmọ. Èdè Látìn ni wọ́n fi kọ púpọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n ohùn náà kò ṣàjèjì sí mi. Ohùn obìnrin tí wọ́n jí ní adìyẹ ní ọjọ́ ọjà ni. Ní ọdún 2014, wọ́n fi àwọn wàláà náà sínú ìwé àkọsílẹ̀ ohun ìrántí ilẹ̀ Britain lábẹ́ ètò àjọ UNESCO. Èpè tí a ṣẹ́ nítorí aṣọ ti di ohun ìní orílẹ̀-èdè.

Láti ibẹ̀, a wọ gbọ̀ngàn Pump Room, níbi tí àwọn ọlọ́lá ayé ọjọ́un ti máa ń mu omi náà. Wọ́n bu ife kan fún mi. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì ń ta bí irin lẹ́nu. Bí mo ti gbé e mì ni mo rántí ìyá bàbá mi.

Mo tó ọmọ ọdún méje nígbà náà, ibà sì dá mi gúnlẹ̀ ní Òṣogbo. Ìyá bàbá mi lọ pọn omi Ọ̀ṣun sínú orù kékeré, ó fi wẹ orí mi, ó sì fún mi mu. Bàbá mi, tí ó jẹ́ kátíkísì, wọlé bá wa. Ó gba orù náà lọ́wọ́ ìyá tí ó bí i, ó da omi inú rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ní ìbọ̀rìṣà kò ní wọ ilé òun. Màmá àgbà kò fèsì. Ó gbé orù rẹ̀, ó sì lọ. Ara mi yá. Bàbá mi ní abẹ́rẹ́ dókítà ni, Màmá àgbà kò sì bá a jiyàn títí ó fi kú. Nísinsìnyí, mo jókòó sí Bath, mo ń mu omi òrìṣà nínú gíláàsì. Ilé ìjọsìn ńlá ìlú náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ gan-an, kò sì sí ẹni tí ó jáde wá láti dà á nù.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a rò pé ìlú náà kò mọ bí a ti ń gbàgbé. Wọ́n gbé tíì wá fún wa pẹ̀lú ṣúgà. Bristol, níbi tí ọmọ mi ń gbé, kò jìnnà sí Bath rárá, ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ sì ni ó kó ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn láti etíkun ilẹ̀ wa àti ti àwọn aládùúgbò wa lọ sí oko ìrèké. Ní ọdún 1822, William Beckford, ẹni tí ó jogún irú oko bẹ́ẹ̀ ní Jàmáíkà, kó wá sí Bath. Ní ọdún 1827, ó parí ilé-ìṣọ́ gogoro kan sí orí òkè Lansdown. Nígbà tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin ní ọdún 1833 láti fi òpin sí oko ẹrú, àwọn olówó ẹrú ni wọ́n ya mílíọ̀nù 20 pọ́n-ùn sọ́tọ̀ fún gẹ́gẹ́ bí owó ìtánràn. Kọ́bọ̀ kan kò kan ẹrú. Ilé-ìṣọ́ náà ti di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí, wọ́n sì ti ń sọ níbẹ̀ ibi tí owó náà ti wá. Ṣùgbọ́n ìwé pẹlẹbẹ tí mo bá lórí tábìlì ní hótẹ́ẹ̀lì wa sọ ìtàn òkúta, ó sọ ìtàn ijó, kò fẹnu kan ṣúgà.

Ní ọjọ́ Àìkú, a lọ lúwẹ̀ẹ́ nínú omi náà, nínú adágún kan tí wọ́n ṣe sórí òrùlé. Ibẹ̀ ni ọmọ mi ti sọ ohun tí ó kọ́ nínú ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì fún mi. Ní ọdún 1978, ọmọdébìnrin kan kú lẹ́yìn tí ó lúwẹ̀ẹ́ nínú omi yìí, nítorí kòkòrò àìfojúrí kan tí ó ń ba ọpọlọ jẹ́. Wọ́n ti ibi ìwẹ̀ pa. Wọ́n wá ibi tí àìsàn ti wọ inú omi, wọ́n gbẹ́ ọ̀nà tuntun wọ inú ilẹ̀ kí omi lè máa jáde ní mímọ́, kò sì di ọdún 2006 kí wọ́n tó ṣí ilé ìwẹ̀ tuntun fún aráyé. Ó lé ní ọdún 25 tí wọ́n fi ní sùúrù.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú mi dákẹ́. Wọn kò bọ Sulis mọ́, wọ́n sì ń tọ́jú omi rẹ̀. Ní ọdún 2005, àjọ UNESCO fi igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo sínú ìwé àwọn ohun ìní àgbáyé, bí wọ́n ti ṣe fún Bath ní ọdún 1987. Ọlọ́dọọdún ni a ń ṣe ọdún Ọ̀ṣun, tí Arugbá ń ru igbá, tí èrò sì ń rọ́ wá láti Brazil àti Kúbà. Síbẹ̀, àwọn tí ń wa góòlù láìgbàṣẹ ní òkè odò, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ti sọ omi náà di ẹrẹ̀ pọ́n-ún. Bàbá mi da orù omi kan ṣoṣo nù nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Àwa tí a ń fi Ọ̀ṣun yangàn ń wo odò odindi bí ó ti ń bàjẹ́. Mo wá mọ ohun tí òwe yẹn ń sọ: kì í ṣe odò ni ó ń gbàgbé orísun, àwa tí a ń mu ún ni.

Nígbà tí a fẹ́ kúrò, ọmọ mi bi mí bóyá kí òun ra ìgò kan nínú omi náà fún mi kí n gbé e lọ sílé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kí ó fi owó rẹ̀ pamọ́. Omi tí mo fẹ́ mu wà ní Òṣogbo, kò sì ṣeé mu báyìí.