OWÓ ORÍ ÀTI Ẹ̀TỌ́ ẸNI TÓ Ń SAN ÁN



Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Nínú ìwé ọdún tiwa yìí, a fẹ́ wo ẹ̀yìn lórí ọ̀rọ̀ kan tí ó ń kó ìdààmú bá púpọ̀ nínú wa níhìn-ín ní Òkè Ọya. Ọ̀rọ̀ owó orí ni. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tí ń ta aṣọ lọ́jà sọ ní ìpàdé pé àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta wá, wọ́n fi àgádágodo ti ìsọ̀ òun pa, wọ́n ní owó orí ni àwọn wá gbà. Ó sanwó kí wọ́n tó ṣí i. A bi í pé níbo ni rìsíìtì wà, ó ní wọn kò fún òun. A bi í pé ta ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún, ó ní òun kò béèrè, “nítorí àlejò ni wá níbí.”

Ọ̀rọ̀ “àlejò” yìí ni ó mú wa kọ ìwé yìí. Ẹni tí ń san owó orí ní ìlú kan kì í ṣe àlejò lójú òfin. Ẹ̀tọ́ tí ó ní láti béèrè ọ̀rọ̀ kì í sì í ṣe ojúrere tí ẹnikẹ́ni ṣe é. Àwọn baba àti ìyá wa ló jà fún un, àwọn mìíràn sì bá a lọ.

ÌBẸ̀RẸ̀ OWÓ ORÍ

Owó sísan fún ìjọba kì í ṣe ohun tuntun láàrin Yorùbá. Kí òyìnbó tó dé, oníbodè wà ní ẹnu ọ̀nà ìlú, ó ń gba owó bodè lọ́wọ́ àwọn tí ń ru ẹrù wọlé. Ẹni tí ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ń san ìṣákọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń sanwó mọ ohun tí ó ń sanwó lé lórí: ẹrù rẹ̀ ni, tàbí oko rẹ̀. Kí a máa ka orí ènìyàn kí a sì bu owó lé e lọ́dọọdún, èyí ni ó ṣàjèjì sí púpọ̀ nínú ìlú wa. Orúkọ náà sì sọ ara rẹ̀: owó orí.

Òkè Ọya níhìn-ín ni Lugard ti kọ́kọ́ fi òfin gbé e kalẹ̀. Ó bá a nílẹ̀ pé àwọn ẹ́míà ti ń gba haraji àti jangali. Àwọn ará Ìlọrin àti Ọ̀fà tí wọ́n wà lábẹ́ ìjọba Òkè Ọya ti ń san án kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn Yorùbá yòókù. Lẹ́yìn tí Lugard so Àríwá àti Gúúsù pọ̀ ní 1914, ó gbé e wọ ilẹ̀ Yorùbá: Ọ̀yọ́ ní 1916, Ẹ̀gbá ní 1918.

Ẹ̀gbá ti pàdánù òmìnira wọn ní 1914, wọ́n sì ń fi tipátipá kó wọn ṣiṣẹ́ ọ̀nà. Nígbà tí owó orí tún gun orí ìwọ̀nyí, Ogun Adúbí bẹ́ sílẹ̀ ní June 1918. Wọ́n hú irin ojú ọ̀nà rélùwéè, wọ́n gé wáyà, wọ́n pa Òṣilẹ̀ Òkè-Ọnà. Ìjọba kó àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ti ojú ogun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà dé lọ bá wọn. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn kú, owó orí kò sì kúrò.

ÀWỌN OBÌNRIN ABẸ́ÒKÚTA

Ó tó nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà kí àwọn obìnrin ìlú kan náà tó gba ọ̀nà mìíràn. Ní Abẹ́òkúta, obìnrin ń san owó orí tirẹ̀ lọ́tọ̀ sí ti ọkọ rẹ̀, láti ọmọ ọdún 15, ṣùgbọ́n kò sí obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ tí ń ná owó náà. Àwọn agbowó orí ń wọlé onílé. Ẹ̀sùn tí àwọn obìnrin fi kàn wọ́n ni pé wọ́n ń tú aṣọ lára ọmọdébìnrin, kí wọ́n lè wò ó bóyá ó ti dàgbà tó ẹni tí ń san owó orí.

Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ló ṣáájú wọn. Ní 1946, ẹgbẹ́ tí ó dá sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin tó kàwé di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, àwọn obìnrin ọjà sì wọ inú rẹ̀. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀. Wọ́n wá ẹni tí ó mọ ìṣirò owó kí ó bá wọn yẹ ìwé owó ìjọba ìbílẹ̀ wò. Olórí wọn kọ̀ láti san owó orí, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́, wọ́n bu owó ìtanràn lé e. Ní ìparí November 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin lọ sí ààfin Aláké, wọ́n sì sùn síbẹ̀ mọ́jú. Ní 1948 a dá owó orí obìnrin dúró. Ní January 1949 Aláké Adémọ́lá Kejì fi oyè sílẹ̀, kò sì padà títí di 1950. Àwọn obìnrin rí àyè nínú ìgbìmọ̀ tuntun.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí ohun kan. Àwọn obìnrin wọ̀nyí kò sọ pé kí ìjọba má rí owó ná. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé: èló ni ó wọlé, ta ni ó ná an, ta ni ó sì fún yín láṣẹ láti bu iye yìí lé wa? Ìbéèrè mẹ́ta yìí ṣe ohun tí ìbọn kò ṣe ní 1918.

ÀGBẸ̀KỌ̀YÀ

Àwọn tí baba wọn ti Ìbàdàn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Òkè Ọya mọ ìtàn yìí dáadáa. Ní 1968, owó orí àti oríṣiríṣi owó mìíràn wọ àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn lọ́rùn, àwọn agbowó orí sì ń lé wọn kiri nínú oko. Wọ́n wọ́ lọ sí Mápó ní November ọdún náà, ẹ̀mí ṣòfò. Ní July 1969 wọ́n pa Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́, Ọba Ọlájídé Ọláyọ̀dé. Ní September wọ́n ya wọ ẹ̀wọ̀n Agodi. Ìgbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ bá Tàfá Adéọ̀yẹ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni ọ̀ràn tó rọlẹ̀, tí ìjọba sì dín owó orí náà kù sí pọ́n-ùn 2. Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú. Ẹnu la fi ń sọ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ti tẹ́tí sí àwọn àgbẹ̀ ní 1968, a kò bá má sin òkú tó bẹ́ẹ̀.

ÀWA TÍ A WÀ LẸ́YÌN ODI

Níbo ni ẹni tí kò sí nílé ti ń san owó orí? Láti 1961 ni òfin ti dá ọ̀rọ̀ yìí: ibi tí ènìyàn ń gbé ni, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti bí baba rẹ̀. Òfin 1993 ṣe é yékéyéké pé ìpínlẹ̀ tí ènìyàn ń gbé ní ọjọ́ kìíní oṣù January ni ó ni owó orí rẹ̀ fún ọdún náà. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó san án nílé kí ó tún san án níbí. Owó tí a ń san níbí sì wà lára owó tí ìjọba ìpínlẹ̀ yìí fi ń ṣe ọ̀nà àti ilé ìwé. Ẹ̀tọ́ wa wà nínú rẹ̀.

Òfin kan tí ìjọba ológun ṣe ní 1998 sọ pé àwọn aláṣẹ owó orí nìkan ni ó lè bu owó orí lé ènìyàn tàbí kí wọ́n gbà á, àti pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dí ojú ọ̀nà láti gba owó orí. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè san ₦50,000 tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n ọdún 3.

Ilé ẹjọ́ pàápàá kì í gba ọ̀rọ̀ agbowó orí láìwádìí. Ní 1979, àjọ elétò ìdìbò fẹ́ yọ Nnamdi Azikiwe àti Aminu Kano kúrò nínú ìdíje Ààrẹ nítorí ọ̀rọ̀ owó orí. Àwọn méjèèjì gbé e lọ sílé ẹjọ́, wọ́n jàre.

Àwọn òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní June 26, 2025, tí ìbẹ̀rẹ̀ wọn jẹ́ January 1, 2026, ti rọ́pò òfin 1993. Ìlànà ibùgbé kò yí padà. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò ju ₦800,000 lọ kò ní san owó orí lórí rẹ̀. Wọ́n sì dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ tí ènìyàn lè gbé ẹ̀sùn lọ bí àwọn agbowó orí bá ni ín lára.

BÍ WỌ́N BÁ DÉ Ọ̀DỌ̀ WA

Kí a kọ́kọ́ kí wọn dáadáa. Ìbéèrè kì í ṣe ìjà. Kí a béèrè ìwé ìdánimọ̀ wọn, àti ìwé tí a kọ orúkọ wa àti iye owó sí. Bí iye náà bá pọ̀ jù, kí a kọ ìwé láti takò ó, kí a sọ iye tí a rò pé ó tọ́ àti ìdí rẹ̀. Ọjọ́ 30 ni òfin 1993 fi sílẹ̀ fún èyí, nítorí náà kí a má fi falẹ̀. Kí a san owó sí àpò ìjọba ní báńkì, kí a sì tọ́jú rìsíìtì. Kí a máa kọ ohun tí a rà àti ohun tí a tà sílẹ̀, nítorí ẹni tí kò ní ìwé ni wọ́n ń fojú díwọ̀n owó lé lórí.

A bá ìyá wa tí ń ta aṣọ lọ sí ọ́fíìsì owó orí. Kò sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé wọn rárá. Owó tí ó san kò dé ibẹ̀, wọn kò sì mọ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta náà rí. Gbèsè ọdún náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì tún san án. Èyí ni ẹ̀rù àlejò ná an.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹni tí ìwé bá dé bá tí kò yé e, kí ó mú un wá sọ́dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ kí ó tó sanwó, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó ti san án tán. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí Ọlọ́run bù sí òwò gbogbo wa, kí a rí èyí tí a ó san, kí a sì rí èyí tí a ó jẹ kù. Àmín.