Fíìmù Àtijọ́ àti Ilẹ̀ Abẹ́ Yìnyín

Yìnyín tó bo Antarctica nípọn tó kìlómítà 2 níbi púpọ̀. Báwo lèèyàn ṣe wá mọ bí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ṣe rí?

Láyé ọjọ́un, ìyà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Wọ́n á gbẹ́ ihò, wọ́n á fi ohun abúgbàmù sí i, wọ́n á wá ka àkókò tí ìró rẹ̀ fi lọ kan àpáta kó tó padà. Ibì kan ṣoṣo nìyẹn o. Ẹ tún di ẹrù, ó di iwájú. Síbẹ̀, ọ̀nà yìí ni àwọn ará Soviet fi rí òkè Gamburtsev ní 1958, odindi òkè ńláńlá tí ẹnikẹ́ni ò fojú rí rí.

Àṣìṣe ẹ̀rọ ló mú ọ̀nà tó yá wá. Tí bàálù bá ń fò lórí yìnyín, ẹ̀rọ rédíò tó ń sọ bó ṣe ga tó a máa ní ilẹ̀ ṣì jìn, nígbà tí yìnyín ti wà nítòsí. Ewu ńlá! Amory Waite, ẹnjiníà tó ń bá iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́, fi hàn pé ẹ̀rọ náà ò kúkú purọ́: ìgbì rédíò ń gba inú yìnyín kọjá dé orí àpáta. Bug lásán di irinṣẹ́.

Ní Cambridge, Stan Evans ṣe rédíò fún iṣẹ́ yìí gan-an. Láàárín 1967 sí 1979, ẹgbẹ́ wọn, pẹ̀lú bàálù àwọn Amẹ́ríkà àti ìrànlọ́wọ́ àwọn ará Denmark, fò ju kìlómítà 400,000 lọ. Orí fíìmù ni wọ́n gba gbohùngbohùn rédíò náà sí. Níbì kan, ìlà ìsàlẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ: omi ni, kì í ṣe àpáta. Adágún Vostok nìyẹn, lábẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 4 yìnyín.

Lẹ́yìn náà, fíìmù wọ àpótí. Ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Mo ti ṣiṣẹ́ níbì kan tí wọ́n pa àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́ta rẹ́ torí pé ààyè fẹ́ kún. Kò pẹ́ tá a fi nílò ẹ̀, la bá ń wora wa lójú. Cambridge ò da tiwọn nù. Dustin Schroeder láti Stanford àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ tú u jáde, wọ́n yà á sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì gbé àbájáde jáde ní 2019.

Rédíò tuntun dára ju tàtijọ́ lọ, àmọ́ kò lè padà sí 1978 lọ wọn nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n fi fíìmù náà wé ìwọ̀n 2009, wọ́n rí i pé yìnyín tó léfòó níwájú Thwaites, lápá ìlà-oòrùn, ti fẹ́lẹ́ sí i. Òkun ń jẹ ẹ́ nísàlẹ̀. Ilẹ̀ tí Thwaites jókòó lé sì rélẹ̀ ju òkun lọ. Bó ṣe ń wọnú lọ ló ń jìn sí i. Ẹni tó ń gbé Lẹ́kkí, tó ń wo bí òkun ṣe ń jẹ etíkun, ọ̀rọ̀ yìí kàn án.

Máàpù tuntun, Bedmap3, jáde ní 2025. Àlàfo ṣì wà láàárín ibi tí bàálù kan fò àti ibi tí òmíràn fò. Ìṣirò ni kọ̀ǹpútà fi ń dí i.