Bí Igi Ṣe Di Pákó: Ìtàn Àáké àti Ayùn ní Ilẹ̀ Yorùbá

Bí ẹ ti jókòó yìí, orí pákó ni ẹ jókòó lé. Pákó ni ilẹ̀kùn tí ẹ gbà wọlé, orí pákó ni mo sì tẹ́ ìwé mi lé. Ohun tí ó bá wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ènìyàn a máa rò pé ó ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Pákó ní ọ̀nà tí ó gbà wọ ilẹ̀ wa, ó sì ní ohun tí ó mú wá àti ohun tí ó mú lọ. Ọ̀nà mẹ́ta ni n ó pín ìtàn náà sí: èkíní, ìgbà àáké, èkejì, ìgbà ayùn ọlọ́wọ́, ẹ̀kẹta, ìgbà ayùn ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà n ó bá ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ rẹ́ igi tirẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹni tí kì í ṣe é nítorí owó bí kò ṣe nítorí ìfẹ́ iṣẹ́ náà.

I. Ìgbà Àáké

Àwọn baba wa mọ igi dáradára kí wọ́n tó mọ ayùn. Wọ́n mọ̀ pé ìrókò kì í tètè jẹrà, pé ikán kì í sì í yá a jẹ. Wọ́n mọ̀ pé igi ọmọ̀ ni ó yẹ fún ìlù. Nígbà tí ẹnìkan bá fẹ́ ilẹ̀kùn, yóò gé igi lulẹ̀, yóò fi àáké la ìtì rẹ̀, yóò sì máa gbẹ́ ẹ̀là kọ̀ọ̀kan títí yóò fi pẹlẹbẹ. Kò sí ìṣó nínú rẹ̀, kò sì sí irin tí a fi so ó mọ́ ògiri. Orí àti ìdí igi náà gan-an ni a gbẹ́ ṣóńṣó, tí a sì fi bọ inú ihò lókè àti nísàlẹ̀, kí ilẹ̀kùn lè máa yí. Odindi ìtì igi lè má ju ilẹ̀kùn méjì lọ. Èérún ni ìyókù.

Ẹ kíyèsí ohun kan nínú iṣẹ́ yìí. Àáké a máa tẹ̀lé iṣan igi, èyíinì ni ọ̀nà tí igi fúnra rẹ̀ gbà dàgbà. Bí igi bá wọ́, ẹ̀là rẹ̀ yóò wọ́. Nítorínáà ẹni tí ó fẹ́ la igi kò lè ṣàìwo igi náà láti ìdí dé orí kí ó tó gbé àáké sókè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn agbẹ́gilére ṣe to iṣẹ́ wọn ní ìpele mẹ́rin: ọnà lílé, àlẹ́túnlé, dídán, àti fínfín. Kò sí ìpele kan tí a lè fò.

Ibi gíga tí iṣẹ́ yìí dé hàn nínú ọwọ́ Olówè ará Ìsẹ̀-Èkìtì, ẹni tí ó kú ní 1938. Láàrin 1910 àti 1914 ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ó gbẹ́ Ọba sórí ìtẹ́, ó gbẹ́ òyìnbó aláṣẹ tí àwọn ènìyàn gbé rù wá kí i, ó sì gbẹ́ wọn yọ síta tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ère mìíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lára igi tí wọ́n ti jáde. Ní 1924 a gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley, ní ìlú London. Àwọn aláṣẹ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti Britain fẹ́ ẹ. Ògògà kò tà á fún owó, ìtẹ́ kan tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà ní pàṣípààrọ̀. Ní London ni ilẹ̀kùn náà wà di òní.

II. Ìgbà Ayùn Ọlọ́wọ́

Ní 1821 a kó ọmọdékùnrin kan lẹ́rú ní Òṣogùn. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822, a sì mú un gúnlẹ̀ sí Freetown, ní ilẹ̀ Sàró. Ajayi ni orúkọ rẹ̀, ẹni tí ẹ mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rántí ni pé, pẹ̀lú ìwé kíkà, a kọ́ ọ ní iṣẹ́ káfíńtà níbẹ̀. Nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, gbẹ́nàgbẹ́nà ni ọ̀rọ̀ tí a lò fún iṣẹ́ Jósẹ́fù. Ọ̀rọ̀ ìgbà àáké ni èyí: ẹni tí ń gbẹ́ ọnà. Ṣùgbọ́n ará ìgboro mú ọ̀rọ̀ káfíńtà láti ẹnu òyìnbó, bí ẹni pé wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ń to pákó pọ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ẹni tí ń gbẹ́ odindi igi.

Irú ilé tí ó dé ní ìgbà náà ni ó sọ pákó di dandan. Ní Badagry, ní 1845, a kọ́ ilé kan tí a ń pè ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ilẹ̀ òkè irú ilé bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ pákó púpọ̀ tí nínípọn wọn dọ́gba. Èyí sì kọjá agbára àáké. Àwọn Àgùdà náà tún dé láti ilẹ̀ Brazil, pàápàá lẹ́yìn ìdìde àwọn ẹrú ní Bahia ní 1835, wọ́n sì mú iṣẹ́ ọwọ́ wọn bọ̀. Wọ́n tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà ní Èkó. Káfíńtà àti bíríkìlà pọ̀ nínú wọn. Ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ni ó kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí a ṣí ní 1894.

Báwo ni a ṣe ń rí pákó náà? Wọn a gbẹ́ kòtò tí ó jìn tó ìdúró ènìyàn. Wọn a tẹ́ igi dábùú ẹnu rẹ̀, wọn a sì yí ìtì igi sórí wọn. Okùn tí a fi èédú kùn ni wọn a fi ta ìlà gbọọrọ sára rẹ̀. Ọkùnrin kan a dúró lórí igi, èkejì a wọ inú kòtò, ayùn gígùn kan a sì wà láàrin wọn. Ẹni òkè ni ó ń ṣọ́ ìlà, ẹni ìsàlẹ̀ ni ó ń fà. Ìgbà tí ayùn bá ń sọ̀kalẹ̀ ni eyín rẹ̀ ń jẹ igi, gbogbo lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ a sì máa dà sójú ẹni tí ó wà ní kòtò. Ìtì igi tí ó ń di ilẹ̀kùn méjì tẹ́lẹ̀ wá di pákó mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbùkún ni èyí. Ṣùgbọ́n ayùn kì í tẹ̀lé iṣan igi. Ìlà èédú ni ó ń tẹ̀lé. Láti ìgbà náà ni ó ti ṣeé ṣe kí ènìyàn lo igi láì mọ igi.

III. Ìgbà Ayùn Ẹ̀rọ

Ní ilẹ̀ òkèèrè, ẹ̀rọ ti ń rẹ́ igi tipẹ́. Ní 1593, Cornelis Corneliszoon, ará Uitgeest ní Họ́láńdì, gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ ìrẹ́gi tí afẹ́fẹ́ ń yí. Nígbà tí a gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ ní Limehouse ní London, àwọn tí ń fi ọwọ́ rẹ́ igi kó ara wọn jọ ní 1768, wọ́n sì wó o palẹ̀, nítorí wọ́n rí i pé oúnjẹ wọn ni ẹ̀rọ náà fẹ́ jẹ. Ẹ̀rọ borí wọn níkẹyìn.

Ní tiwa, a bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà ọkọ̀ ojúurin láti Èkó ní 1896, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Àwọn ilé ìrẹ́gi dìde létí ọ̀sà ní Ẹ̀bútè Mẹ́tta. Ìtì igi láti igbó Ìjẹ̀bú àti Oǹdó a sì máa léfòó lórí omi wá síbẹ̀.

Ẹ̀rọ kan kù tí ó kó gbogbo agbára ilé ìrẹ́gi sọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo: ayùn oníṣéènì. Andreas Stihl ní Jámánì ṣe èyí tí iná mànàmáná ń yí ní 1926. Ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ kì í pẹ́ kú. Ní 1946, agégi kan ní Oregon ní Amẹ́ríkà, Joseph Cox, rí ìdin kòkòrò kan tí ń jẹ ọ̀nà láàrin igi líle. Ó rí i pé ìdin náà ń gé e sí ọ̀tún àti sí òsì, ó gbọ̀nà bó ti wù ú láì bìkítà fún iṣan igi. Cox rọ eyín ayùn bí ẹnu ìdin náà, ó sì gbé e jáde fún títà ní 1947. Irú rẹ̀ ni ó tàn ká gbogbo ayé.

Àwọn àgbà ní, igi tó tọ́ kì í pẹ́ nígbó. Nígbà tí àáké nìkan wà, òwe lásán ni fún ọ̀pọ̀ igbó. Nígbà tí ayùn ẹ̀rọ dé, ó ṣẹ. Lóòótọ́, ìjọba ti ya igbó Olókèméjì sọ́tọ̀ láti 1899, ó sì fi òfin de kíkó ìtì igi lọ sí òkè òkun ní 1976. Síbẹ̀síbẹ̀, ní 2022, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè pé jọ ní Panama lórí òwò ẹranko àti ewéko tí ó ń ṣọ̀wọ́n, wọ́n fi ọ̀gànwó àti apá ti ilẹ̀ Áfíríkà kún àwọn igi tí a kò gbọdọ̀ tà lọ sí ilẹ̀ mìíràn láìgba ìwé àṣẹ. Bí Olówè mìíràn bá dìde lónìí, ọwọ́ rẹ̀ lè wà. Igi tí yóò tó ilẹ̀kùn Ògògà ni yóò wá tì.

IV. Ọ̀rọ̀ Ìyànjú

Ìjì wó igi máńgòrò kan lẹ́yìn ilé mi ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Mo bẹ ọlọ́wọ̀ ayùn kan, a rẹ́ ẹ sí pákó, inú mi sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi kan tábìlì kí oṣù tó pé. Nígbà tí ọyẹ́ dé, tábìlì náà ká bí ewé gbígbẹ, ó sì là láàrin. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti igi. Omi ṣì wà lára rẹ̀, èmi kò sì ní sùúrù.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ rẹ́ igi tirẹ̀, kí ó kọ́kọ́ mọ èyí: bí igi bá ń gbẹ, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrú, ṣùgbọ́n ó ń sún kì. Yíyí òrùka inú rẹ̀ ká ni ó ti ń sún kì jù, nǹkan bí ìlọ́po méjì ti ọ̀nà tí ó lọ láti ọkàn dé èèpo. Ìdí nìyí tí pákó tí ó ní ọkàn igi nínú fi ń là. Kí ó kun orí àti ìdí pákó, kí omi má bàa tètè jáde níbẹ̀. Kí ó tò wọ́n sábẹ́ òjìji, kí ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàrin ọ̀kọ̀ọ̀kan kí afẹ́fẹ́ lè gbà á kọjá, kí ó sì gbé ẹrù wúwo lé e. Ìwọ̀n tí àwọn àgbà káfíńtà ń lò ni ọdún kan fún nínípọn íǹṣì kan.

Kí ó sì ṣírò ohun tí ayùn ń jẹ. Ọ̀nà tí ayùn oníṣéènì ń là tó sẹ̀ntímítà 1. Ti ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń yípo bí ìgbànú lè má ju mìlímítà 3 lọ. Nínú igi onígun mẹ́rin tí ó nípọn ní sẹ̀ntímítà 40, bí pákó kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ sẹ̀ntímítà 3, ti àkọ́kọ́ yóò fún un ní 10, ti èkejì 12. Pákó méjì ti di lẹ́búlẹ́bú.

Ẹ̀yin ará, èmi kò bẹ̀ yín kí ẹ padà sí ìgbà àáké. Bẹ́ńṣì tí ẹ jókòó lé yóò ta kò mí. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹni tí ń lo ayùn ní ojú aláàáké: kí ó wo igi láti ìdí dé orí, kí ó mọ orúkọ rẹ̀, kí ó ní sùúrù fún un, kí ó sì gbin òmíràn sí ojú ibi tí ó ti gé e. Èmi ti gbin ọ̀gànwó síbi tí máńgòrò mi wà. Ó ga dé èjìká mi nísinsìnyí. Èmi kọ́ ni n ó rẹ́ ẹ; ẹni tí yóò rẹ́ ẹ kò tíì dáyé.