Kí la ó pè é?

Ká ní a wà lọ́jà Ìdànrè lákòókò kòkó. Jẹnẹrétọ̀ ń han, ọ̀kadà ń fọn fèrè, lausípíkà ìjọ kan sì ń ké lé gbogbo rẹ̀ lórí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kan fọwọ́ bo etí, ó figbe ta, ó wó lulẹ̀, ó ń fi orí gbá ògiri. Ìyá rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó ta ìyá nípàá. Kí lẹ rò pé èrò ọjà máa sọ? “Wèrè ti ń bẹ̀rẹ̀.” Ẹlòmíì á ní, “Ẹ so ó, kó má ṣe èèyàn léṣe.”

Ọ́tísìmù ni ọmọ yẹn ní, èrò ọjà sì ti pè é ní wèrè. Ìṣòro ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ọ́tísìmù lédè Yorùbá nìyẹn. Gbogbo orúkọ tó wà nílẹ̀ ló ti ru ẹrù: wèrè, àsínwín, dìndìnrìn, dìgbòlugi. Dìgbòlugi ẹ̀wẹ̀, ti ajá tó ń gé èèyàn jẹ ni. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wọnú ìtumọ̀ wa, ẹ̀rù ti bá a wọlé nìyẹn.

Orúkọ tí òyìnbó ń lò pàápàá, ilé wèrè ló ti jáde. Eugen Bleuler, oníṣègùn ọpọlọ ará Switzerland, ló ṣẹ̀dá rẹ̀ ní nǹkan bí 1911 láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí “ara ẹni”, fún àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú. Ní 1943, oníṣègùn ọpọlọ mìíràn, Leo Kanner, fi í sọ àwọn ọmọ 11 tó ṣàyẹ̀wò ní Amẹ́ríkà. Ìdí tí mi ò fi fara mọ́ ká túmọ̀ rẹ̀ sí “àdáwà” nìyí: ìtàn Bleuler ló ń tú, kì í ṣe ọmọ tó wà níwájú wa. Ọ́tísìmù tí a yá ò fi bẹ́ẹ̀ dùn létí, mo gbà, ṣùgbọ́n kò tíì ru nǹkan kan lédè wa.

Ẹrù tí orúkọ ń rù sì lè wúwo, kódà lókè òkun. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan pa ọmọ 20 àti àgbà 6 nílé ẹ̀kọ́ Sandy Hook ní ìpínlẹ̀ Connecticut, ní Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ 14 oṣù Kejìlá 2012. Kíá ni ariwo ta pé ó ní irú ọ́tísìmù tí wọ́n ń pè ní Asperger nígbà yẹn. Nígbà tó di 2014, ọ́fíìsì tó ń gbèjà àwọn ọmọdé ní ìpínlẹ̀ náà ṣèwádìí, wọ́n ní ọ́tísìmù kọ́ ló fa ìpànìyàn ọ̀hún. Ta ló gbọ́ ìyẹn?

A lè yá orúkọ, ṣùgbọ́n nínú sísọ ìṣe ọmọ ni èdè wa ti lè fakọ yọ. Ọmọ tó ní ọ́tísìmù tí a bi pé “Ṣé o ti jẹun?” tó sì fèsì pé “Ṣé o ti jẹun?”, aláfojúdi la máa ń pè é. Gbohùngbohùn lèmi máa pe ohun tó ṣe. Ará Ìdànrè tó pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta, tí àpáta dá a lóhùn, kì í bá àpáta bínú.

Igbe ọjà yẹn ńkọ́? Ìjà ní ẹni tí a ń bá jà. Ìwà ipá lérò nínú. Ìbínú ní ẹni tó ṣẹni. Èyí ò ní ọ̀kankan. Ariwo, òórùn, ìfarakanra, gbogbo rẹ̀ ló rọ̀ lé ọmọ lórí lẹ́ẹ̀kan náà bí òjò ṣe ń rọ̀ sórí òkè Ìdànrè. Àpáta kì í mu omi. Odò ìsàlẹ̀ á kún, á sì ya. Àkúnya ni mo máa pè é. Àkúnya lè gbé nǹkan lọ o, mi ò sọ pé ìpàá yẹn ò dun ìyá. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ àkúnya ò ní wá okùn. Á wá ẹni tó máa pa jẹnẹrétọ̀.

Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ mi ní omi nìkan ló ń ní àkúnya, pé àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín, bí wọn ò bá ṣáà ti so ó.