Ìgbà 300 Lóru Kan: Bí Wọ́n Ṣe Fẹ́ Fi Oorun Gba Èékánná Lẹ́nu Ọmọdé

Tí ẹ bá wá fídíò tó máa bá yín fòpin sí fífi eyín gé èékánná lórí fóònù yín, ẹ máa rí èyí tó ní kẹ́ ẹ fi etí sí i kẹ́ ẹ sì sùn lọ. Ohùn pẹ̀lẹ́ kan á máa bá yín sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìtàn irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ ju íntánẹ́ẹ̀tì lọ.

Ní 1942, ọ̀gbẹ́ni Lawrence LeShan gbé àbájáde ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Ibùdó ìsinmi àwọn ọmọkùnrin ní ìpínlẹ̀ New York ló ti ṣe é. Àwọn ọmọ 20 tí gígé èékánná jẹ ti di bárakú fún ló ń sùn pọ̀ sójú kan. Tí wọ́n bá ti sùn lọ, giramafóònù á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀, pé èékánná mi korò burúkú. Ìgbà 300 lóru kan, fún òru 54. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ìgbà 16,200.

Àwọn ìyá wa náà mọ ọgbọ́n ìkorò. Omi ewúro ni wọ́n ń fi pa ọmú tí wọ́n bá fẹ́ já ọmọ lẹ́nu ọmú. Ṣùgbọ́n ewúro gidi nìyẹn, ahọ́n ló ń tọ́ ọ wò. Ti LeShan, ọ̀rọ̀ lásán ni.

Kí ìsinmi tó parí, giramafóònù bàjẹ́. Kí ni ọ̀gbẹ́ni yìí ṣe? Ó lọ dúró nínú òkùnkùn láàárín àwọn ọmọ tó ń sùn, ó sì ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ gbólóhùn náà léraléra. (Ẹ fojú inú wo ọmọ tó jí láti lọ tọ̀, tó wá bá àgbàlagbà lórí ìdúró tó ń sọ pé èékánná òun korò!) Nígbà tí wọ́n yẹ ọwọ́ wọn wò níkẹyìn, ọmọ 8 nínú 20 ti jáwọ́. Nínú àwọn ọmọ yàrá kejì tí kò gbọ́ nǹkan kan, ẹyọ kan ò jáwọ́.

Ta ló gbé oorun wọ ọ̀rọ̀ yìí? Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ká lọ sí Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1841, James Braid, dókítà oníṣẹ́ abẹ ọmọ Scotland, lọ wo ará Faransé kan tó ń jẹ́ Charles Lafontaine. Lafontaine ń ti ìlú dé ìlú, ó ń sọ pé agbára kan ń jáde lára òun wọ ara ẹlòmíì. Braid kò gbà á gbọ́. Àmọ́ ó rí i pé ẹni tí wọ́n ń lò fún eré náà kò lè la ojú rẹ̀ mọ́ lóòótọ́. Nígbà tó délé, ó ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tẹjú mọ́ ọrùn ìgò wáìnì. Láàárín ìṣẹ́jú 3, ojú ọ̀rẹ́ ti pa dé. Ìyàwó rẹ̀ tẹjú mọ́ abọ́ ṣúgà, bákan náà ló rí. Agbára kankan ò jáde lára Braid. Ọkàn tó dúró sójú kan ló ṣiṣẹ́.

Ní 1843, ó fi hypnos, ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún oorun, sọ ohun tó rí lórúkọ nínú ìwé rẹ̀. Nígbà tó yá, ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tọ́jú kò sùn rárá. Wọ́n ń gbọ́, wọ́n sì ń rántí. Ní 1847, ó fẹ́ yí orúkọ náà padà sí monoideism, ìyẹn ni pé èrò kan ṣoṣo ló gba ọkàn kan. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Hypnosis ti mọ́ aráyé lẹ́nu. Àwọn àgbà ní orúkọ ń ro ni, ti Braid yìí sì ro iṣẹ́ rẹ̀ gan-an.

Ní Paris, dókítà Edgar Bérillon dá ìwé àtìgbàdégbà kan sílẹ̀ lórí hypnosis ní 1886, ó sì ń fi ọgbọ́n náà tọ́jú àwọn ọmọ tó ń gé èékánná jẹ. Ibí yìí ló ti kan mí lára jù. Lójú Bérillon àti ọ̀pọ̀ dókítà ìgbà yẹn, èékánná jíjẹ kì í ṣe ìwàkiwà kékeré. Wọ́n kà á sí àmì pé ìran ọmọ náà ti ń jó àjórẹ̀yìn. Nítorí èékánná! Ẹnikẹ́ni tó ti ki ọwọ́ bọ àpò rí nítorí pé wọ́n fẹ́ ya fọ́tò mọ ìtìjú tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí dókítà tó wá fi ti ìran kún un.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Bérillon ń ṣe gan-an. Tí ọmọ bá ti wà nínú hypnosis, á di ọwọ́ rẹ̀ mú, á ní kó gbìyànjú láti gbé e lọ sẹ́nu, kí ọmọ náà lè mọ̀ ọ́n lára pé kò lọ. Ọmọ tó sùn fọnfọn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ìlú Nancy, Hippolyte Bernheim ti ń sọ pé inú ọ̀rọ̀ tí èèyàn gbọ́ tó sì gbà ni iṣẹ́ náà wà.

Ní 1956, Charles Simon àti William Emmons so ẹ̀rọ mọ́ orí àwọn tó ń sùn, kí wọ́n lè mọ ìgbà tí ọpọlọ sùn àti ìgbà tó jí. Wọ́n ń ka ìbéèrè àti ìdáhùn sí wọn létí. Èyí tí wọ́n kà nígbà tí oorun wọra, kò sí ẹni tó rántí ẹ̀. Èyí tí wọ́n rántí, ìgbà tí wọ́n jí tàbí tí oorun ò tíì gbé wọn lọ tán ni wọ́n gbọ́ ọ. Nítorí náà, mo rò pé àwọn ọmọ 8 ti LeShan gbọ́ ọ ni. Ta ló máa sùn dáadáa nínú irú ariwo yẹn? Ọmọ tó sì sùn kò lè sọ pé òun ò fẹ́.

Ní 1973, Nathan Azrin àti Gregory Nunn gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ èèyàn láti kíyè sí ìgbà tí ọwọ́ bá ń gbéra lọ sẹ́nu, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọwọ́ ti dé ẹnu kí olówó tó mọ̀. Tó bá ti mọ̀, á di ìkúùkù, á sì mú un bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ títí ìfẹ́ láti gé e á fi kọjá. Lójú ara rẹ̀ ni, ní ọ̀sán gangan.