Rọ́bà, Igi Ìrẹ́ àti Agbára Ara

Púpọ̀ nínú wa ni ó ń fi okùn rọ́bà ṣe eré ìdárayá nínú yàrá nígbà tí òtútù kò jẹ́ kí a lè jáde. Ó yẹ kí a mọ ìtàn rọ́bà yìí, nítorí pé ó kan ilẹ̀ wa.

Charles Goodyear, ará Amẹ́ríkà, ni ó rí i ní 1839 pé bí a bá po rọ́bà mọ́ imí ọjọ́, tí a sì fi iná sí i, ooru kì í yọ́ ọ mọ́, òtútù kì í sì í mú un gan. Láti ìgbà náà ni a ti lè fà á nínú ooru tàbí òtútù, kí ó sì tún sún padà sí ipò rẹ̀. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1890 sí 1900, Eugen Sandow, alágbára tí a bí ní Prussia ní 1867, ti ń ta okùn rọ́bà fún eré ìdárayá ní London. Ní 1897 ó ṣí ilé ìdárayá síbẹ̀. Ní 1901 ó ṣe ìdíje ẹwà ara ní Royal Albert Hall; Arthur Conan Doyle, òǹkọ̀wé Sherlock Holmes, wà lára àwọn adájọ́.

Ní àwọn ọdún kan náà, ariwo rọ́bà gba igbó ilẹ̀ Yorùbá kan. Ní 1894, nígbà Gómìnà Gilbert Carter, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà wá láti Gold Coast, tí a ń pè ní Ghana lónìí. Igi ìrẹ́ ni wọ́n ń kọ lára kí oje rẹ̀ lè ṣàn. Ní 1895, rọ́bà tí ó jáde láti èbúté Èkó ju 2,000 tọ́ọ̀nù lọ. Ṣùgbọ́n wọn kò fún igi ní ìsinmi. Wọ́n kọ ọ́ yípo, wọ́n kọ ọmọ igi pẹ̀lú àgbà, igi sì ń kú. Nígbà tí 1900 yóò fi dé, ọjà náà ti wálẹ̀ púpọ̀.

Kí ni rọ́bà ń ṣe fún ara? Òkúta kì í yí ìwọ̀n padà, ṣùgbọ́n bí a bá ṣe ń fa rọ́bà ni ó ń le sí i. Bí a bá dọ̀bálẹ̀ láti fi ọwọ́ gbé ara sókè, tí rọ́bà gba ẹ̀yìn wa kọjá, tí a fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ etí rẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, yóò dẹ̀ nísàlẹ̀ níbi tí apá kò ti lágbára, yóò sì le lókè. Bí a bá sì so ó mọ́ irin tí a rọ̀ mọ́, tí a ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ìsàlẹ̀ gan-an ni yóò ti ràn wá lọ́wọ́ jù. Bí agbára bá ti ń pọ̀, kí a lo èyí tí ó tín-ín-rín, títí a ó fi lè ṣe é láìsí rọ́bà. Kí a máa wò ó dáadáa kí a tó fà á: èyí tí ó ti sán lè já lù wá lójú.

Ẹni tí ó fẹ́ gba gbogbo oje lọ́jọ́ kan ni ó pa igi ìrẹ́. Ẹ má jẹ́ kí a ṣe ara wa bẹ́ẹ̀. Kí àwọn tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ igbó àti ọrọ̀ ajé láàárín wa sì rántí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá padà sílé. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.