Ìyá Àgbà Mú Un, Àbí Ó Jí I?

Òfin olè jíjà tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1968 kò fi ariwo bẹ̀rẹ̀. Abala kìíní rẹ̀ ní ẹni tó jalè ni ẹni tó fi àbòsí sọ ohun ẹlòmíràn di tirẹ̀, tó sì ní in lọ́kàn pé onítọ̀hún kò ní rí i gbà mọ́. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ibẹ̀ ni agbẹjọ́rò lè dì mú: níbo ni àbòsí wà? Ta ló rí inú rẹ̀? Àwa Yorùbá ní tiwa, ọ̀rọ̀ kan péré la fi ń parí rẹ̀: ó jí i. Bí ògbufọ̀ bá ti lè la ẹnu sọ bẹ́ẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó ti bá adájọ́ dá ẹjọ́ náà.

Ká sọ pé ìyá kan wá sí London wá bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ìkókó. Ó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ nínú ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Oxford Street, ó mú ìpara ọmọ, ọwọ́ rẹ̀ kún, ó bá tì í sábẹ́ kẹ̀kẹ́. Ó sanwó aṣọ tó kó dání, ìkókó ń ké, ó jáde. Ni ẹ̀ṣọ́ bá dá a dúró. Ó mú ìpara, kò sí irọ́ ńbẹ̀. Ó gbé e jáde láìsanwó, òótọ́ ni. Bóyá ó jí i ló kù tí wọ́n fẹ́ wádìí, ibẹ̀ gan-an sì ni gbogbo ìgbèjà rẹ̀ wà. Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé òfin yìí gbọ́dọ̀ fi “mú” àti “gbé” sọ ohun tí ojú rí, kó sì fi “jí” pamọ́ fún ọjọ́ ìdájọ́.

Ti orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà kò le. Àfọwọ́rá ti wà nílẹ̀, ó sì bá ti ṣọ́ọ̀bù mu ju jàgùdà tàbí gbéwiri lọ. Àmọ́ kò kárí gbogbo rẹ̀. Lọ́dún 1983, àwọn adájọ́ Ilé Àwọn Lọ́ọ̀dù gbọ́ ẹjọ́ Morris, ọkùnrin kan tó yí lébẹ́ẹ̀lì iye owó ọjà padà, tó sì lọ san iye tó kéré. Kò fi nǹkan kan pamọ́. Orí káńtà ló gbé e sí. Síbẹ̀, wọ́n ní olè ni, torí pé ó ti lo àṣẹ tó jẹ́ ti olóhun lórí ọjà náà. Kò sí ohun tó jọ fífọwọ́rá níbẹ̀. “Sísọ ohun olóhun di tẹni” ni mo máa fi pe irú èyí. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní tìtorí kó lè kúrú kí n gé òfin mọ́.

Ọ̀rọ̀ tó ń kó àlejò sí wàhálà jù kì í tilẹ̀ ṣe ti inú òfin. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú” ni. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó jàre pàápàá á kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ kí èrò tó pé lé e lórí. Ìyá wa á kúnlẹ̀ fún ẹ̀ṣọ́ tó lè jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀, á máa bẹ̀ ẹ́. Tí wọ́n bá kọ ìyẹn sílẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ó ní kí wọ́n dárí ji òun, ó ti di ìjẹ́wọ́. Àbúrò “ẹ má bínú” ni “mo gbà”. Mo gbà pé mo mú un ni, àbí mo gbà pé mo jẹ̀bi? Kí ògbufọ̀ bi í: “Kí lẹ gbà, mà?” Kó sì fi “jẹ́wọ́” sílẹ̀ fún ẹni tó jẹ́wọ́ lóòótọ́.

Mo ní “mà”, torí “o” àti “ẹ” kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún tí wọ́n bá ń pè ní “ìwọ” ní àgọ́ ọlọ́pàá ti mọ̀ pé wọ́n ti kà á sí olè.

Ìkìlọ̀ tí ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ ṣe kó tó bi í léèrè ọ̀rọ̀ rọrùn láti túmọ̀: kò pọn dandan kí ẹ sọ ohunkóhun, àmọ́ bí ẹ kò bá mẹ́nu ba ohun tí ẹ máa gbójú lé ní kóòtù, ó lè pa ẹjọ́ yín lára, ohun tí ẹ bá sọ lè di ẹ̀rí. Àárín rẹ̀ yẹn, òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1994 ló mú un wọlé. Mo fẹ́ràn ìkìlọ̀ náà lódindi, nítorí pé òwe wa méjì ló wà nínú rẹ̀: ẹnu òrofó ní í pa òrofó, ẹni tó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èwo ni kó tẹ̀ lé? Agbẹjọ́rò ló máa sọ fún un. Òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1984 fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá, kò sì ní san kọ́bọ̀ fún ìyẹn, ì báà jẹ́ àlejò. Ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní agbẹjọ́rò ìjọba o! Ẹni tó ti Èkó dé máa gbà pé ọmọ ọlọ́pàá ni. Agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ tí kì í ṣe ti ọlọ́pàá: ẹ sọ gbogbo rẹ̀ tán.

Ìkìlọ̀ kejì ló léwu. Fún ẹ̀ṣẹ̀ kékeré, dípò kóòtù, ọlọ́pàá lè ní kí ẹni tó bá jẹ́wọ́ gba ìkìlọ̀ kó sì máa lọ ilé. Orúkọ kan náà, “caution”, ni Gẹ̀ẹ́sì fún méjèèjì. Ìyá á rò pé bí bàbá ṣe ń kìlọ̀ fọ́mọ ni, á fọwọ́ sí i, á dúpẹ́. Kò mọ̀ pé òun ti jẹ́wọ́, pé orúkọ òun ti wà nínú ìwé ọlọ́pàá. “Ìjẹ́wọ́ àkọsílẹ̀” ni mo máa pe ìyẹn, kí ẹ̀rù tó yẹ kó bà á lè bà á kó tó gbé bírò. Bó bá tún fẹ́ wá wo ọmọ-ọmọ rẹ̀, fọ́ọ̀mù físà máa bi í bóyá wọ́n ti fún un nírú rẹ̀ rí. Á ní rárá, torí ohun tó gbọ́ ni pé wọ́n kàn kìlọ̀ fún òun. Bí wọ́n bá ka ìdáhùn yẹn sí ẹ̀tàn, òfin gbà kí wọ́n tìtorí rẹ̀ máa fi físà dù ú fún ọdún 10.